Ìgò Mẹ́sàn-án, Àwọ̀ Méje: Bí A Ṣe Ń Yanjú Ìpele Tó Há

Nígbà tí ìpele kan bá há mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nínú géèmù omi aláwọ̀, ìgbésẹ̀ tó gbé kẹ́yìn ló máa ń dá lẹ́bi. Ó rí i pé kò sí ibi tóun lè da omi sí mọ́, ó tẹ ọfà ìpadàsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó tún gbìyànjú, ó tún há. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbésẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni ìpele náà ti bàjẹ́, nígbà tí ìgò òfìfo ṣì wà nílẹ̀ tí ọkàn ẹni sì balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí yìí fi máa pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀. Màá mú ìpele kan tó ní àwọ̀ méje, màá to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbí bó ṣe máa rí lójú fóònù, a ó sì jọ yanjú rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tá a da omi títí tí ìgò á fi pé.

Òfin géèmù náà kò pọ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan gba ìpín omi mẹ́rin. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan náà ní ìpín mẹ́rin, ìyẹn ni pé ó tó kún ìgò kan géérégé. Omi tó wà lókè pátápátá nìkan lẹ lè dà. Ẹ lè dà á sínú ìgò òfìfo, ẹ sì lè dà á sórí omi tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bí àyè bá ṣì wà nínú ìgò yẹn. Bí ìpín méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ àwọ̀ kan náà bá tẹ̀ léra wọn lókè, wọ́n á jọ ṣàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, níwọ̀n bí àyè bá ṣe gbà wọ́n. Nínú Water Sort Puzzle àti ọ̀pọ̀ àwọn géèmù tó jọ ọ́, ìgò òfìfo méjì ni wọ́n sábà máa ń fún yín. Ball Sort Puzzle, tó ń lo bọ́ọ̀lù dípò omi, ń tẹ̀ lé irú òfin yìí náà, àmọ́ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ń dá lọ.

Ẹni tó bá dàgbà nídìí ọpọ́n ayò ti mọ ohun tí géèmù yìí ń béèrè. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀ta kì í kó ọmọ ayò kó tó mọ ihò tí èyí tó kẹ́yìn máa já sí. Òpè ló máa ń kó ihò tó bá ti kún lójú rẹ̀. Bó ṣe rí nínú géèmù omi náà nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìgò kan, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ tó máa yọjú lábẹ́ omi tẹ́ ẹ fẹ́ dà, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí èkejì rẹ̀ wà.

Ìpele tá a ó yanjú rèé. Àwọ̀ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ló wà lókè, èyí tó kẹ́yìn ló wà nídìí ìgò. Kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, ewé ni màá máa pe àwọ̀ ewé, ọsàn ni màá máa pe àwọ̀ ọsàn, àlùkò ni màá sì máa pe elésè àlùkò.

Ìgò 1: pupa, ewé, àlùkò, ọsàn
Ìgò 2: pupa, ọsàn, ewé, pupa
Ìgò 3: búlúù, àlùkò, pínǹkì, búlúù
Ìgò 4: búlúù, pínǹkì, ọsàn, yẹ́lò
Ìgò 5: yẹ́lò, búlúù, ọsàn, ewé
Ìgò 6: yẹ́lò, pupa, pínǹkì, àlùkò
Ìgò 7: yẹ́lò, ewé, àlùkò, pínǹkì
Ìgò 8: òfìfo
Ìgò 9: òfìfo

Ẹ mú báírò àti bébà, kẹ́ ẹ yà á. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí géèmù, ṣùgbọ́n ìpele tó le gan-an kì í ṣeé tú pẹ̀lú ojú lásán. Bébà máa ń fi ohun tí ojú ń fò han èèyàn, pàápàá àwọn àwọ̀ tó wà ní ìlà kejì àti ìkẹta, tí ẹni tó ń kánjú kì í kà.

Wàyí o, ẹ wo òkè àwọn ìgò náà. Pupa méjì, búlúù méjì, yẹ́lò mẹ́ta. Ìgò òfìfo méjì ló wà, àwọ̀ mẹ́ta ló sì ń wá ibùgbé. Èwo ni ká kọ́kọ́ fún? Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé pupa àti búlúù ni. Àlàyé wọn dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu: tá a bá da pupa méjèèjì sí Ìgò 8, tá a sì da búlúù méjèèjì sí Ìgò 9, ìgò mẹ́rin ló máa ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, Ìgò 1 dé Ìgò 4. Wọ́n á ní yẹ́lò lè dúró ná, ó ṣe tán, yẹ́lò kẹrin wà nídìí Ìgò 4 lọ́hùn-ún, kò sì ní tètè jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀ ká lè rí i. Lẹ́yìn tá a bá ti da omi lẹ́ẹ̀mẹrin, ewé ló máa wà lókè Ìgò 1, ọsàn lókè Ìgò 2, àlùkò lókè Ìgò 3, pínǹkì lókè Ìgò 4. Ìgò 5, 6 àti 7 ṣì kún, yẹ́lò ló wà lórí gbogbo wọn. Pupa wà nínú Ìgò 8, búlúù nínú Ìgò 9. Ẹ wá wò ó dáadáa. Ewé kò rí ewé míì lókè níbì kankan. Ọsàn kò rí ọsàn. Àlùkò àti pínǹkì náà dá wà. Yẹ́lò mẹ́ta ń wo ara wọn láti orí ìgò tó kún dẹ́nu, kò sì sí èyí tó lè gba èkejì sílé. Ìgò òfìfo ti tán. Ó parí. Omi tá a dà kò ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, ìpele náà sì ti kú pátápátá.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹni tó bá sọ pé àwọ̀ tó wà nídìí ìgò ló fà á kò tíì rí i. Pupa kẹrin wà nídìí Ìgò 2, búlúù kẹrin wà nídìí Ìgò 3, yẹ́lò kẹrin wà nídìí Ìgò 4. Tó bá jẹ́ ti ìdí ìgò ni, kò sí èyí tó sàn ju èkejì lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlà kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ pupa, ewé àti ọsàn ló wà. Lábẹ́ búlúù, àlùkò àti pínǹkì ló wà. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́rin yìí tó wà lókè ìgò míì, kò sì sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn. Ìgò mẹ́rin ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó yọjú nínú wọn kò ní ẹni tí wọ́n ń lọ bá.

Ẹ wá wo abẹ́ yẹ́lò. Búlúù ló wà lábẹ́ tinú Ìgò 5, pupa ló wà lábẹ́ tinú Ìgò 6, ewé ló wà lábẹ́ tinú Ìgò 7. Búlúù ti ń dúró lórí Ìgò 3 àti Ìgò 4. Pupa ti ń dúró lórí Ìgò 1 àti Ìgò 2. Ewé wà ní ìlà kejì Ìgò 1, pupa kan péré ló bò ó. Àwọ̀ mẹ́ta ló máa yọjú, gbogbo wọn ló sì ní ẹni tí wọ́n máa bá pàdé. Ìgò òfìfo kan ṣoṣo ni yẹ́lò máa gbà fún gbogbo èyí, Ìgò 9 á ṣì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú orí yìí nìyẹn: ẹ má fi ìgò òfìfo tọrẹ fún àwọ̀ kan torí pé ó pọ̀ lókè, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà kẹ́ ẹ tó dà á.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tètè kíyè sí. Àwọ̀ kan náà tó wà lókè ìgò méjì tó kún kò lè ran ara wọn lọ́wọ́. Pupa Ìgò 1 àti pupa Ìgò 2 kò lè pàdé láéláé àfi tí ìgò kẹta bá là wọ́n. Ìgò òfìfo lè là wọ́n, ṣùgbọ́n ìgò tó ti ní pupa lókè tí àyè sì wà nínú rẹ̀ náà lè là wọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́, láìná yín ní ohunkóhun. Iṣẹ́ tí Ìgò 6 máa ṣe nìyẹn lẹ́yìn tí yẹ́lò bá kúrò lórí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dà á. Yẹ́lò Ìgò 5, ti Ìgò 6 àti ti Ìgò 7, gbogbo rẹ̀ sí Ìgò 8. Yẹ́lò mẹ́ta ti wà pa pọ̀, ẹnì kan ló kù.

Ìgò 6 wá ní pupa lókè, àyè kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Pupa méjì ló ń fẹ́ àyè yẹn, ti Ìgò 1 àti ti Ìgò 2. Ibí ni ọwọ́ máa ń yá èèyàn jù, tó máa da èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ rí. Ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá da ti Ìgò 2, ọsàn ló máa yọjú, kò sì sí ọsàn kankan lókè níbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá da ti Ìgò 1, ewé ló máa yọjú, ewé sì wà lókè Ìgò 7 báyìí. Nítorí náà, ti Ìgò 1 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da ewé Ìgò 1 sí Ìgò 7. Ẹ lè béèrè pé ṣé kì í ṣe ti Ìgò 7 ló yẹ ká dà sí Ìgò 1. Níbí, kò sí ìyàtọ̀: àlùkò ló wà lábẹ́ ewé nínú ìgò méjèèjì, ọ̀nà méjèèjì ló sì ń gba ibi ire lọ. Mo yan Ìgò 1 sí Ìgò 7, òun náà ni màá máa tẹ̀ lé láti ibí lọ. Ìgò 1 wá ku àlùkò àti ọsàn.

Irú ìbéèrè kan náà ló tún dé bá búlúù. Àyè kan wà nínú Ìgò 5, búlúù Ìgò 3 àti ti Ìgò 4 ló ń fẹ́ ẹ. Pínǹkì ló wà lábẹ́ ti Ìgò 4, kò sì ní rí ẹnikẹ́ni. Àlùkò ló wà lábẹ́ ti Ìgò 3, àlùkò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lórí Ìgò 1 ni. Ẹ da búlúù Ìgò 3 sí Ìgò 5, kẹ́ ẹ sì da àlùkò tó yọjú sí Ìgò 1. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nísinsìnyí nìyí, kẹ́ ẹ fi yẹ bébà yín wò:

Ìgò 1: àlùkò, àlùkò, ọsàn
Ìgò 2: pupa, ọsàn, ewé, pupa
Ìgò 3: pínǹkì, búlúù
Ìgò 4: búlúù, pínǹkì, ọsàn, yẹ́lò
Ìgò 5: búlúù, búlúù, ọsàn, ewé
Ìgò 6: pupa, pupa, pínǹkì, àlùkò
Ìgò 7: ewé, ewé, àlùkò, pínǹkì
Ìgò 8: yẹ́lò, yẹ́lò, yẹ́lò
Ìgò 9: òfìfo

Àwọn ìgò tí àyè wà nínú wọn ni 1, 3 àti 8, àlùkò, pínǹkì àti yẹ́lò ló sì wà lókè wọn. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọ̀ mẹ́ta yìí lórí ìgò tó kún. Torí náà, kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́ àyàfi ká lo Ìgò 9. Ó tó àkókò láti lò ó, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì wà tó yẹ ká dáhùn kí ọwọ́ tó lọ síbẹ̀: ìgbà wo ni ìgò òfìfo míì máa padà wá? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí kò tíì ṣe tán láti lo ìgò rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹ wo búlúù. Ìgò 5 ní méjì lókè, Ìgò 4 ní ẹyọ kan. Tí wọ́n bá wọ Ìgò 9, mẹ́ta ti pé níbẹ̀. Ọsàn á yọjú nínú Ìgò 5, pínǹkì á yọjú nínú Ìgò 4. Pínǹkì yẹn á lọ bá pínǹkì Ìgò 3. Ọsàn ló wà lábẹ́ rẹ̀ nínú Ìgò 4, ìyẹn á lọ bá ọsàn Ìgò 5. Kí ló wá kù nínú Ìgò 4? Yẹ́lò kẹrin, èyí tó wà nídìí, tí gbogbo wa rò pé kò ní jáde láéláé! Yẹ́lò yẹn á lọ kún Ìgò 8, Ìgò 4 á sì ṣófo. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré la máa da omi láti ìgbà tá a bá fọwọ́ kan Ìgò 9, ìgò òfìfo míì á ti padà sọ́wọ́ wa. Ẹ da gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe tò ó yìí.

Ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ má rò pé búlúù nìkan ló lè gbà yín. Ẹni tó bá fẹ́ lè fún pupa ní Ìgò 9 dípò rẹ̀: pupa méjì láti Ìgò 6, ẹyọ kan láti Ìgò 2. Pínǹkì á yọjú lórí Ìgò 6, ẹ da ti Ìgò 3 sórí rẹ̀, búlúù kan ṣoṣo ló máa kù nínú Ìgò 3. Gbogbo búlúù tó kù á sì lè wọlé tọ̀ ọ́ níbẹ̀, Ìgò 3 á kún fún búlúù lójú ẹsẹ̀. Mo gbádùn ọ̀nà yẹn náà gan-an. Èyí tí mo yàn ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀ torí pé ó fi hàn kedere bí àwọ̀ tó wà nídìí ṣe ń jáde láìjẹ́ pé a wá a lọ síbẹ̀.

Láti ibi tá a dé yìí, ó ti ń rọrùn. Ìgò 4 ṣófo. Ẹ da pupa méjì Ìgò 6 síbẹ̀, kẹ́ ẹ da pupa Ìgò 2 tẹ̀ lé e. Ọsàn Ìgò 2 ti ṣí, ẹ dà á sí Ìgò 5. Ewé ló wá kù lókè Ìgò 2, ẹ da ewé méjì Ìgò 7 sórí rẹ̀. Pínǹkì Ìgò 6 sí Ìgò 3. Àlùkò Ìgò 7 sí Ìgò 1. Ẹ máa rí i pé Ìgò 6 ti ku àlùkò kan, Ìgò 7 ti ku pínǹkì kan. Ẹ da àlùkò mẹ́ta Ìgò 1 sí Ìgò 6, ó pé. Ẹ da pínǹkì mẹ́ta Ìgò 3 sí Ìgò 7, ó pé. Ọsàn mẹ́ta Ìgò 5 sí Ìgò 1, ewé mẹ́ta Ìgò 2 sí Ìgò 5, pupa tó kù nínú Ìgò 2 sí Ìgò 4, búlúù tó kù nínú Ìgò 3 sí Ìgò 9. Ó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún la da omi, Ìgò 2 àti Ìgò 3 ló sì ṣófo nígbẹ̀yìn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò sí ìlànà kan tí èèyàn kàn lè kọ́ sórí, tó máa tú gbogbo ìpele láìronú. Kò sí èyí tó yá tó sì bá gbogbo ìpele mu tí ẹnikẹ́ni tíì rí. Ní 2022, Takehiro Ito àti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé ìwádìí jáde lórí géèmù omi àti géèmù bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi hàn pé tá a bá to àwọ̀ bákan náà sínú méjèèjì, èyí tó bá ṣeé tú nínú bọ́ọ̀lù ṣeé tú nínú omi, èyí tí kò bá ṣeé tú níbẹ̀ kò ṣeé tú níbí. Wọ́n tún fi hàn pé mímọ̀ bóyá ìpele kan ṣeé tú wà lára àwọn ìṣòro tí wọ́n ń pè ní NP-complete. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé bí ìgò àti àwọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò lè pọ̀ kọjá ààlà, kódà fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti rí ojútùú, wàràwàrà ni èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà. Nítorí náà, tí ìpele kan bá gba yín lákòókò, kì í ṣe pé orí yín kò pé. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun tí géèmù náà fi ń ranni lọ́wọ́. Ọfà ìpadàsẹ́yìn dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi tún ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì tó kẹ́yìn ṣe nìkan. Tó bá ti há, ẹ padà sí ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo ìgò òfìfo kejì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tún un yẹ̀ wò. Tí ọfà náà bá ní iye tó mọ, ó sàn kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè ju kẹ́ ẹ ná an tán lórí ìpele kan. Àfikún ìgò ni wọ́n sábà máa ń fi ìpolówó tà fún yín: ẹ wo fídíò kan, wọ́n á fún yín ní ìgò kan sí i. Dátà yín ló ń lọ síbẹ̀, ìgò náà kì í sì kọ́ yín ní ohunkóhun. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbà á nígbà tẹ́ ẹ bá ti to ìpele náà sórí bébà tẹ́ ẹ sì ti gbìyànjú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lókè gẹ́gẹ́ bí èyí tá a kọ́kọ́ dà. Kí ó tó dìgbà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn ìpele kan wà tí wọ́n fi àmì ìbéèrè bo àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé èyí tó wà lókè nìkan lẹ máa rí. Níbẹ̀, kò ṣeé ṣe láti ka ìlà kejì ṣáájú. Ẹ fi ìgbìyànjú àkọ́kọ́ rú ìpele náà wò, ẹ da omi kẹ́ ẹ lè rí ohun tó wà lábẹ́, kẹ́ ẹ máa kọ gbogbo àwọ̀ tó bá yọjú sórí bébà. Ẹ má bínú tó bá há. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù yìí, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣe rí, àmọ́ ẹ ti wá ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ojú yín kì í tètè fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti ewé, tàbí sáàárín búlúù àti àlùkò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé géèmù yìí kì í ṣe tiyín. Fóònù Android àti iPhone ní ibi tá a ti lè yí àwọ̀ ojú fóònù padà fún irú ojú bẹ́ẹ̀, nínú ètò tó wà fún ìrọ̀rùn ìlò. Àwọn géèmù kan tún máa ń fi àmì sára àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá a nínú ètò géèmù yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tan iná ojú fóònù dáadáa, torí nínú òkùnkùn, àlùkò àti búlúù máa ń jọra lójú ẹnikẹ́ni.

Ìpele kan rèé tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi dán ara yín wò. Àwọ̀ mẹ́fà ló ní, àwọ̀ tó wà lókè ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì yàtọ̀ síra. Ìgò òfìfo kan péré ni mo fún yín, kì í ṣe méjì, ó sì tó.

Ìgò 1: pupa, búlúù, ewé, yẹ́lò
Ìgò 2: ọsàn, pupa, àlùkò, búlúù
Ìgò 3: ewé, ọsàn, yẹ́lò, pupa
Ìgò 4: àlùkò, yẹ́lò, búlúù, ọsàn
Ìgò 5: búlúù, ewé, pupa, àlùkò
Ìgò 6: yẹ́lò, àlùkò, ọsàn, ewé
Ìgò 7: òfìfo

Màá là á fún yín dé ààbọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí pupa Ìgò 1, ẹ dà á sí Ìgò 7. Búlúù tó yọjú lábẹ́ rẹ̀ á gba ti Ìgò 5 mọ́ra, ewé tó yọjú nínú Ìgò 5 á gba ti Ìgò 3, ọsàn tó yọjú nínú Ìgò 3 á gba ti Ìgò 2. Ẹ da pupa Ìgò 2 sí Ìgò 7, àlùkò Ìgò 4 sí Ìgò 2, yẹ́lò Ìgò 6 sí Ìgò 4. Níbí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Àlùkò méjì ló wà lókè Ìgò 2, ọ̀kan ló wà lókè Ìgò 6, ìgò méjèèjì ló sì ní àyè fún ìpín kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá da ti Ìgò 2 sí Ìgò 6, ẹyọ kan ló máa lè wọlé, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kò sì sí ohun tó máa ṣí. Ti Ìgò 6 ni kẹ́ ẹ dà sí Ìgò 2. Ọsàn á wá yọjú lórí Ìgò 6 pẹ̀lú àyè méjì, ọsàn méjì sì ti ń dúró lórí Ìgò 3.